Ìwọ̀n Ọ̀gá Kékeré

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kẹfà

Òjò láti àárọ̀. Mo sọ fún ìyàwó ọmọ mi pé kó jókòó jẹ́ẹ́, oyún oṣù mẹ́jọ kì í ṣe àpò ìyẹ̀fun. Ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá," ó sì dìde lọ fa okùn ẹ́ńjìnnì tó ń lọ àgbàdo nílé ẹ̀rọ wa. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló fà á tó fi gbà. Ọmọ mi tó jẹ́ ọkọ rẹ̀, káfíńtà tó ń gbé odidi ilẹ̀kùn lé èjìká, á fa okùn kan náà títí apá rẹ̀ á fi fẹ́ yọ, ẹ́ńjìnnì á kàn máa wúkọ́. Bàbá ìyàwó yìí, mẹkáníìkì, ló dá nìkan tọ́ ọ, àpótí irinṣẹ́ ló sì fi sílẹ̀ fún un nígbà tó kú. Òun ló gbé wá sílé ọkọ dípò abọ́ àti ìkòkò. Àwọn àgbẹ̀ ń pè é ní Ọ̀gá Ẹ́ńjìnnì. Èmi ń pè é ní ìyàwó, mo sì ń rán an létí lójoojúmọ́ pé kó fọ epo kúrò ní èékánná rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan búrẹ́dì mi.

Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ gbé àgbàdo wá tà fún wa lọ́sàn-án. Mo jókòó síbi tí mo ti lè rí ọwọ́ ìyàwó bó ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ó ti tó ọdún méjì tó ti sọ lójú mi pé òṣùwọ̀n tí ọkọ mi olóògbé fi sílẹ̀ ń jẹ àwọn àgbẹ̀, pé kì í ka gbogbo ohun tí a bá gbé sí àwo rẹ̀. Mo dá a lóhùn lọ́jọ́ náà pé ẹni tó wà nínú ilẹ̀ kò lẹ́nu tó máa fi gbèjà ara rẹ̀, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò ní pè é ní olè nínú ilé tó kọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú. Kò sọ ọ́ mọ́ láti ìgbà náà. Èmi ni mo borí.

Ọjọ́ Àìkú, 7

Odò ti kún. Omi ti ń gun pákó afárá. Wọ́n tún fowó kún dísẹ́lì. Mo rán ẹ̀wù kejì fún ọmọ tó ń bọ̀ tán, apá kan gùn ju apá kan lọ, n kò sì ní tú u.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9

Ìyàwó fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ mọ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì kí òun tó bímọ. Mo ń ṣa òkúta kúrò nínú àgbàdo lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọn kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

"Má fi agbára fà á," ìyàwó ní. "Fà á díẹ̀díẹ̀ ná. Tó bá ti dákẹ́ sí ẹ lọ́wọ́, ìgbà yẹn ni kó o wá já a."

"Báwo ni mo ṣe máa gbọ́ ohun tí kò sọ̀rọ̀?"

"Bó o ṣe máa ń gbọ́ Màmá nígbà tí wọ́n bá dákẹ́."

Mo fi ìborùn bo ẹnu mi rẹ́rìn-ín. Bó bá rí mi, ojoojúmọ́ ni yóò máa dá irú àpárá bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13

Ìrọbí mú un láàárọ̀, ọjọ́ kò tíì pé. Ọmọ mi fẹsẹ̀ rìn kọjá afárá lọ pe Nọ́ọ̀sì, wọ́n padà dé pẹ̀lú omi títí dé itan. A bí ọmọ náà nígbà tí oòrùn wà lágbedeméjì ọ̀run, obìnrin, ó kéré débi pé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbà á. Nọ́ọ̀sì kò gbé òṣùwọ̀n dání. Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló sọ láti orí ibùsùn pé, "Ẹ lo ti ilé ẹ̀rọ." Mo gbé ọmọ lọ, mo tẹ́ ìnura sínú àwo, mo wọ̀n ọ́n, mo yọ ti ìnura kúrò. Mo pariwo rẹ̀ gba ojú fèrèsé pé kílò kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún gírámù.

Nígbà tí mo wọlé, ìyàwó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó kéré o," ó ní. "Àmọ́ òṣùwọ̀n yẹn kì í purọ́, Màmá."

Inú mi dùn, kí n má tan ara mi. Ọdún méjì gbáko, ó wá jẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Mo ní, "Ó tó kó o gbà." Ó tún rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ kí n gbé ọmọ fún òun.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ṣe gbogbo ohun tó mọ̀. Abẹ́rẹ́, ọwọ́, àdúrà. Kò sí ọkọ̀ tó lè gba orí afárá. Ọmọ mi lọ, ó padà, ó tún lọ. Nọ́ọ̀sì ṣì wà lórí rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọjọ́ Àìkú, 14

Ó kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún.

Ọjọ́ Ẹtì, 19

A sin ín lọ́jọ́ Ajé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi. Òjò fún wa ní wákàtí méjì. Àwọn àgbẹ̀ wá, wọ́n pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, àwọn mìíràn gba inú omi wá. Nítorí ọkọ mi ni, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ kẹ́yìn kò jẹ́ kí oúnjẹ gba ọ̀nà ọ̀fun mi. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́. Mo ṣì ń rí ọwọ́ tó nà.

Nọ́ọ̀sì padà wá lónìí wo ọmọ. Ó jókòó tì mí, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní. Mo fi ọdún márùndínlógójì kọ́ wọn, mo mọ ohùn yẹn.

"Màmá, ẹ dè é mọ́ àyà, ara sí ara. Tó bá rẹ̀ yín, kí bàbá rẹ̀ gbà á. Ẹ máa fi ife kékeré fún un ní mílíìkì ní wákàtí méjì-méjì. Kẹ́ ẹ sì máa wọ̀n ọ́n láràárọ̀."

"Ó ti rù. Ẹgbẹ̀rin ló kù lórí kílò kan."

"Wọ́n máa ń kọ́kọ́ rù, ẹ má bẹ̀rù ìyẹn. Àmọ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, tó wá já wálẹ̀, ẹ má dúró wo nǹkan kan. Ẹ gbé e wá."

"Títí dìgbà wo la ó máa wọ̀n ọ́n?"

"Tó bá pé kílò méjì ààbọ̀, ẹ lè sùn."

Ọjọ́ Ajé, 22

1,800. Kò kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Agolo mílíìkì kan ti di owó agolo méjì. Ẹni tó ń tà á bá mi kẹ́dùn títí, kò bá mi dín nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 25

1,850.

1,850. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ó dùn ún kọ.

Ó ní ìwà kan tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Tó bá mu mílíìkì tán, á wá fa ojú ro, á máa wò mí bí àwọn ọ̀gá tó máa ń wá láti ọ́fíìsì yẹ ìwé wa wò nílé ẹ̀kọ́. Ọmọ mi ló sọ ọ́ ní Ọ̀gá Kékeré. Ìyá rẹ̀ náà ọ̀gá ni, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ó ṣi orúkọ jẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 29

2,000 géérégé.

Ọmọ mi ló de ọmọ mọ́ àyà láàárọ̀ kí n lè wẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ayùn àti ọmọ kò gbọdọ̀ pàdé, nítorí náà ó kàn jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń ṣàlàyé oríṣiríṣi pákó fún un. Èyí tó ń wọ́, èyí tí ikán kì í jẹ. Nígbà tí mo padà dé, ó ń sunkún. Kò sunkún níbi ìsìnkú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi parí, mo wá ní kó lọ fọ ojú, omi gbígbóná ṣẹ́ kù.

Ọjọ́bọ̀, 2 Oṣù Keje

2,050. Ilé ẹ̀rọ dákẹ́, n kò mọ̀ pé mo ti sọ ariwo yẹn di aago ilé. Ìyẹ̀fun tó wà lórí pẹpẹ ti tán. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá sọ̀rọ̀, mílíìkì kò ní wá. Ọmọ mi ń fà á láràárọ̀, ẹ́ńjìnnì á gbìyànjú, á jó kiri orí ìdúró rẹ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n so, lẹ́yìn náà á kú. Ó ní nǹkan kan ti tú lára rẹ̀ nísàlẹ̀, òun kò sì rí irú rẹ̀ nínú àpótí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

2,200 láàárọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń yọ.

Lọ́sàn-án, ẹ́ńjìnnì gbà. Mo wà nínú ilé pẹ̀lú ọmọ láyà, mo gbọ́ ọ, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Fún ìṣẹ́jú kan mo rò pé òun ni. Ọmọ mi sáré wọlé, epo dé ojú.

"Màmá, mo dúró títí ó fi dákẹ́ sí mi lọ́wọ́. Mo wá já a."

"Kí ló tú tẹ́lẹ̀?"

"Nọ́ọ̀tì ńlá tó de ìdí ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀ ni. Mo rí òmíràn tó bá a mu, mo fi dè é mọ́lẹ̀."

Ó lọ àpò méjì kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo bá a gbá ilé ẹ̀rọ. Ọ̀gá Kékeré sùn gbogbo ìgbà tí ariwo yẹn ń lọ. Bóyá ó ti mọ̀ ọ́n láti inú.

Ọjọ́rú, 8

2,000.

Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo gbé e sọ̀kalẹ̀, mo mí, mo tún gbé e sí i. Igba gírámù láàárín ọjọ́ kan, ìwọ̀n ọjọ́ mẹ́jọ lọ ráúráú. Mo wo ojú rẹ̀, ó fa ojú ro sí mi bí ó ti máa ń ṣe. Mo ní ó ti ń kú, n kò sì mọ̀.

Mo ń kọ ohun tí mo ṣe sínú ìwé, nítorí kò yẹ kí n fi pamọ́. Mo bá ọmọ mi wí. Mo ní èéfín ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló wọ ọmọ lára, pé bó ṣe sáré kí ariwo ìyàwó lè padà, ó fẹ́ fi ọmọ ìyàwó ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ó dúró, ó kàn ń wò mí. Ó lọ pa ẹ́ńjìnnì, ó mú ìborùn wá.

A fẹsẹ̀ rìn kọjá afárá, omi dé ọrùn ẹsẹ̀, èmi pẹ̀lú ọmọ láyà, òun lẹ́yìn mi tó di èjìká mi mú. Pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo sọ sí i, n kò lè ní kó fi mí sílẹ̀. Ní òdìkejì, ọlọ́kọ̀ kan tó kó búlọ́ọ̀kù gbé wa dé ilé ìwòsàn. Nínú ọkọ̀ mo ń bá ìyàwó sọ̀rọ̀ nínú mi. Mo ní, má bínú, mo fẹ́ pàdánù rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó o gbé lé mi lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì bọ́ ọ sí ìhòòhò, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ó wo nọ́ńbà. Ó wò mí.

"Ẹ ní kílò mélòó?"

"Méjì."

"Màmá, méjì àti igba ó lé mẹ́wàá nìyí. Ó ń sanra ni. Ọmọ yìí kò ṣe nǹkan kan."

Mo ní kó tún wọ̀n ọ́n. Ó tún wọ̀n ọ́n. Ó wá mú mi jókòó, ó fún mi ní omi. Ara mi wá wálẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Gbogbo ọ̀nà tí a fi padà ni mo ń rẹ́rìn-ín láìnídìí, ọlọ́kọ̀ alùpùpù tó gbé wa dé etí odò ní àfi bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Mo bẹ ọmọ mi lórí afárá. N kò tíì bẹ̀ ẹ́ rí láti ìgbà tí mo bí i. Ó ní, "Ẹ wo iwájú yín, Màmá, pákó ń yọ̀."

Ọjọ́bọ̀, 9

Òjò dá. Mo sùn di aago méje, ìtìjú gbáà fún ẹni tó jẹ́ tíṣà.

Mo wọ̀n ọ́n láàárọ̀: 2,050. Ní báyìí ọmọ kọ́ ni n kò gbà gbọ́ mọ́. Mo mú páálí ṣúgà tí wọn kò tíì ṣí, kílò kan ni wọ́n kọ sára rẹ̀, mo gbé e sínú àwo. Ọwọ́ òṣùwọ̀n lọ sí ẹgbẹ̀rin gírámù, ó dúró. Mo mú ìnura nìkan, mo fi sí i. Ọwọ́ náà kò tilẹ̀ mira. Ó fara ti ìṣó kékeré tó wà níbi òdo, ó ń sinmi bí ọ̀lẹ. Ohunkóhun tí kò bá tó igba gírámù, kò rí i. Ohunkóhun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń jẹ igba gírámù nínú rẹ̀.

Mo pe ọmọ mi. "Òṣùwọ̀n yìí dára dé ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kí lo fi ṣe?"

"N kò fi ọwọ́ kàn án, Màmá." Ó wo abẹ́ àwo. Wáyà kan rọ̀ níbẹ̀, ó tẹ̀ bí ìka. "Nọ́ọ̀tì tí mo fi de ẹ́ńjìnnì," ó ní, "abẹ́ àwo yẹn ni mo ti yọ ọ́. Wọ́n fi wáyà so ó mọ́ ọn. Mo rò pé ibẹ̀ ni wọ́n kàn ń tọ́jú rẹ̀ sí."

"Ta ló so ó?"

N kò nílò ìdáhùn. Mo mọ bó ṣe máa ń lọ́ wáyà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, á wá tẹ orí rẹ̀ sínú kó má baà gún èèyàn lọ́wọ́.

Ọmọ mi gbé òṣùwọ̀n sọ̀kalẹ̀, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ìdè tí wọ́n fi ń dá ọwọ́ rẹ̀ padà sí òdo ti dípẹtà, kò ṣeé yí. Kò sí bí a ṣe lè mọ̀ bóyá ọdún ló yí i síbẹ̀ tàbí ọwọ́ èèyàn. Ogójì ọdún ni ọkọ mi fi ra àgbàdo lórí rẹ̀. N kò ní bi í mọ́, kò sì ní dá mi lóhùn.

Ṣùgbọ́n ìyàwó mọ̀. Ó sọ fún mi, mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, ó pa á mọ́. Ó wá so irin bàbá rẹ̀ sábẹ́ àwo níbi tí ojú mi kò ní dé, kí àwọn àgbẹ̀ lè gba ẹ̀tọ́ wọn, kí èmi náà sì lè máa gbé orí mi sókè. Nígbà tó ní òṣùwọ̀n yẹn kì í purọ́, mo ní ó tó kó gbà. Ilẹ̀ kò lanu, ǹ bá wọlé síbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Ọmọ mi ra nọ́ọ̀tì mìíràn fún ẹ́ńjìnnì. Mo ní kó fún mi ní ti àtijọ́. Mo fọ̀ ọ́, mo so ó padà fúnra mi. Ó gbà mí ní ìdajì wákàtí, mo lọ́ wáyà ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, mo tẹ orí rẹ̀ sínú. Mo gbé ṣúgà sí i: kílò kan pé. Mo gbé ọmọ sí i: 2,270.

Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ dé lọ́sàn-án pẹ̀lú àpò méjì. Mo ní kó jókòó, mo ní ọ̀rọ̀ láti bá a sọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ìjà ọdún méjì sẹ́yìn dé orí nọ́ọ̀tì. Mo ní kó bá mi sọ fún àwọn yòókù pé ilé wa ti jẹ wọ́n. N kò gbójú sókè títí mo fi parí.

Ó ń fi fìlà rẹ̀ gbá eruku ẹsẹ̀ rẹ̀. "Tíṣà, a mọ̀."

"Ẹ mọ kí ni?"

"A mọ̀ pé ó ń jẹ wá. Ìdí tí gbogbo wa fi ń gbé tiwa gun òkè lọ ta láwọn ọdún wọ̀nyẹn nìyẹn. Ìyàwó ọmọ yín yìí ló wá bá wa lóko, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní ká mú irin kílò kan wá, ká fi dán an wò, tó bá tún jẹ wá ká má padà wá mọ́. Ó sì bẹ̀ wá pé ká má ṣe sọ ọ́ létí yín, ó ní yóò dùn yín nítorí ọkọ yín."

Mo ti ń rò ó pé orúkọ ọkọ mi ló kó wọn wá síbi ìsìnkú yẹn.

"Ẹ wá wọ̀n ọ́n fún mi," ó ní. "Oòrùn ń lọ, Tíṣà."

Mo wọ̀n ọ́n fún un, àwo kan tẹ̀lé òmíràn, òun náà sì dúró tì mí, kò tilẹ̀ wo ọwọ́ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

2,400. Ó rẹ́rìn-ín, tàbí kó jẹ́ afẹ́fẹ́ inú. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó rẹ́rìn-ín. Odò ti fà, ọkọ̀ ti ń gba orí afárá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18

Oòrùn yọ láti àárọ̀. Ẹ́ńjìnnì ti ń kùn láti aago mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ mi fà á. Ó ń sunwọ̀n sí i.

Mo tẹ́ ìnura, mo gbé Ọ̀gá Kékeré sínú àwo. Ó fa ojú ro, ó ta ẹsẹ̀, ọwọ́ òṣùwọ̀n mì síwá-sẹ́yìn, mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́, ó kọ̀, ìyá rẹ̀ náà kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí. Mo dúró títí ó fi dákẹ́ sí mi lọ́wọ́. Mo yọ ti ìnura kúrò. Kílò méjì ààbọ̀. Mo fi ọwọ́ kan abẹ́ àwo, nọ́ọ̀tì wà níbẹ̀.

Mo pariwo rẹ̀ gba ojú fèrèsé, bí mo ṣe ṣe lọ́jọ́sí, ọmọ mi pa ẹ́ńjìnnì kó lè gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni mo rí i pé ẹnìkan ṣì wà tí mo jẹ ní ọ̀rọ̀. Mo gbé ọmọ lé èjìká, a jọ lọ sẹ́yìn ilé níbi tí a sin ín sí, mo sì sọ ọ́ síta, kí ọkọ mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà lè gbọ́.

Ìyàwó mi, ìwọ lo jàre.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù. Mo fẹ́ lọ sùn.